Katapílà Tó Rì Lọ́jọ́ Tí A Lọ Tọrọ Hilma

Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kò lè hù níbi tí ilẹ̀ ti ń le bí òkúta fún ìdajì ọdún, kí ó wá sí Lompola níbí, ní òkè àríwá Sweden, kí n fi Hilma ọmọ ẹ̀gbọ́n mi hàn án, kí n sì fi Joar ọkọ rẹ̀ hàn án. Èmi Vieno ni mo ṣe alárinà wọn. Kì í ṣe pé mo bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà o. Wọ́n gbé e kà mí lórí ni.

Lempi ẹ̀gbọ́n mi ló bí Hilma. Lempi ti di olóògbé, Algot ọkọ rẹ̀ kò sì wo obìnrin mìíràn láti ìgbà náà. Ọmọbìnrin méjì ni Lempi fi sílẹ̀ fún un. Maj tó jẹ́ àgbà tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí gúúsù, ó ní ọdún kan péré ni àwọn yóò lò níbẹ̀, àmọ́ títí di òní olónìí, ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ń rí i. Hilma ló kù. Ó ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ ní ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ a gbé katapílà jáde.

Katapílà tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ ológun àtijọ́ ni. Yàrá méjì ni a so mọ́ra wọn, tí ìkejì ń tẹ̀ lé ti iwájú bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Kò ní táyà. Bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ ló fi ń rìn lórí yìnyín. Algot àti Lempi ló rà á nígbà tó ti di àlòkù pátápátá, wọ́n sì tún un ṣe nínú abà wọn. Lempi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà. Bí Algot bá ń fọ̀ ọ́, ẹ ó rò pé ọmọ ọwọ́ ló ń wẹ̀. Àwa tí a ní irú rẹ̀ ní agbègbè yìí ti kó ara wa jọ di ẹgbẹ́. Èmi náà ní tèmi, kékeré ni, ó sì ń jo epo, ṣùgbọ́n tèmi ni.

Orúnkún Algot ló mú Joar wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Algot ń kó yìnyín kúrò lórí òrùlé, ó yọ̀, ó ṣubú. Hilma gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, níbi tí ọmọkùnrin gíga kan láti gúúsù ti ń tọ́jú oríkèé àti iṣan àwọn èèyàn. Joar nìyẹn. Kò tíì pẹ́ tó dé.

“Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, Bàbá,” Joar wí.

“Ìwọ gbé tìẹ,” Algot fèsì.

Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè, ó dúró bí ẹyẹ àkọ̀. “Mo ti gbé tèmi. Ó ku tiyín.”

Algot wò ó títí, ó wá rọra gbé tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń wo ara wọn, ni Hilma bú sẹ́rìn-ín, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Joar yíjú wò ó, ó sì gbàgbé láti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Hilma ló sọ èyí fún mi, ó sì máa ń sọ ọ́ léraléra.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Joar ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì. Ó ń rà á lójoojúmọ́, ó ń rà á débi tí odidi ìdílé kò lè jẹ ẹ́ tán. Hilma fara dà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

“Ṣé o ní ọmọ nílé ni?”

“Rárá.”

“Ajá ńkọ́?”

“N kò ní ajá.”

“Ta wá ló ń jẹ gbogbo búrẹ́dì yìí?”

“Àwọn ẹyẹ,” Joar dáhùn. Etí rẹ̀ ti pọ́n.

“Kí ló dé tí o kò kúkú sọ ohun tí o wá sọ, kí àwọn ẹyẹ lè sinmi?”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà, tí oòrùn kàn ń yọjú tó sì ń padà wọlé, a kì í rí ọ̀kan nínú wọn láìrí èkejì. Hilma kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú katapílà láìfi orí gbá òrùlé rẹ̀. Joar kò mọ̀ ọ́n wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ariwo rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Hilma wá bá mi nílé. Mo gbé kọfí ka iwájú rẹ̀, mo gé wàràkàṣì sínú rẹ̀ bí a ti ń ṣe níbí, kò fọwọ́ kàn án.

“Àǹtí Vieno, ẹ bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀.”

“Ẹnu tìrẹ ńkọ́?”

“Tí mo bá ti dárúkọ Joar báyìí, wọ́n á dìde lọ la igi ìdáná. Igi tó wà lẹ́yìn ilé wa tó fún òtútù ọdún mẹ́ta.”

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ kọfí. “Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ká ní Bàbá ló gbọ́n ńkọ́? Ká ní Joar fẹ́ mi tán, tí òkùnkùn ibí sú u, tó ní ká máa lọ? Mo fẹ́ ẹ, Àǹtí. Mo sì fẹ́ ibí. N kò mọ èyí tí màá fi sílẹ̀ tí ọkàn mi kò ní já.”

Mo dé ọ̀dọ̀ Algot. Kí n tó jókòó ló ti mọ ohun tí mo bá wá.

“Ará gúúsù ni, Vieno.”

“Ṣé ará gúúsù kì í ṣe èèyàn ni, Bùọ̀dá?”

“Èèyàn ni wọ́n. Èèyàn tó máa ń lọ ni wọ́n.” Ó wo ojú fèrèsé. “Maj náà ní ọdún kan ni.”

Mo kàn jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ní, “Kí ó wá bá mi ní ahéré ìpẹja lọ́jọ́ Àjíǹde. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń wá. Kí Hilma gbé katapílà wá pẹ̀lú oúnjẹ. Ìwọ náà bá wọn wá, kí n má baà pa ẹnikẹ́ni.”

Ahéré náà wà ní òdìkejì adágún. Lọ́jọ́ Àjíǹde, oòrùn mú, yìnyín ń dán gbinrin. Èmi jókòó sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹran àgbọ̀nrín, ìkòkò ọ̀dùnkún àti kọfí. Àwọn méjèèjì wà níwájú, Hilma ló ń wà á. Ojú ọ̀nà hàn kedere: wọ́n ti ri ẹ̀ka igi mọ́ yìnyín láti ìhín dé ọ̀hún, ẹni bá tẹ̀ lé e kò lè ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà yí ká ẹnu odò, níbi tí omi máa ń ru gba orí omi dídì, tí yìnyín á sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ funfun bo kòtò. Hilma mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ọkọ àfẹ́sọ́nà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ń kánjú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gé ọ̀nà kọjá.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀ mí kanlẹ̀. Iwájú ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, ìkòkò ọ̀dùnkún dà sí mi lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Nígbà tí mo jáde, bẹ́líìtì ọ̀tún ti rì tán sínú omi àti yìnyín tó rọ̀ bí ògì. Hilma fún ọkọ̀ ní iná, ó túbọ̀ rì.

“Pa á!” mo ké. Ó pa á. Ojú rẹ̀ funfun.

“Ọkọ̀ Màmá,” ó wí. “Mo ti ri ọkọ̀ Màmá.”

Kò sí ará agbègbè wa tí kò mọ ohun tó kàn. Bí oòrùn bá wọ̀, ògì yẹn á dì mọ́ bẹ́líìtì bí símẹ́ǹtì. Ọkọ̀ á wà níbẹ̀ títí adágún á fi yọ́, adágún á sì gbé e mì. Mo yọ fóònù, mo kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́: “Lompola, ẹnu odò. A ti rì. Ẹ mú igi àti ṣéènì wá.”

Algot ló kọ́kọ́ dé, láti ahéré rẹ̀, lórí pákó gígùn tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ kan ọ̀dà tí ìyàwó rẹ̀ kùn.

“Ta ló wà á?”

Hilma la ẹnu. Kí ohùn rẹ̀ tó jáde, Joar ti síwájú. “Èmi ni, sà.”

Hilma yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Algot wo Joar, ó wo ọmọ rẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kí n sọ òótọ́ fún yín, kò sí ohun tó dùn mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ katapílà bíi kí ti ẹlòmíràn rì. Wọ́n fi oúnjẹ Àjíǹde sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sáré wá bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Tauno, ọkùnrin oníkùn ńlá tó ní ọkọ̀ tó lágbára jù nínú ẹgbẹ́, yọ orí lójú fèrèsé.

“Algot! Ṣé o ti ń fi ọkọ̀ pẹja báyìí ni? Ìwọ̀ kò tó mọ́?”

“Bọ́ sílẹ̀, kí o gbẹ́lẹ̀.”

“Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò.”

Wọ́n jiyàn. Àwọn kan ní ká fà á láti iwájú, àwọn kan ní láti ẹ̀yìn. Obìnrin kan tó ti Finland ní òdìkejì odò wá ní kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́, ká kọ́kọ́ gbẹ́ ògì kúrò. A gbẹ́ ẹ. Tauno dúró lọ́nà jíjìn, lórí omi dídì tó le, ó na wáyà gígùn wá. Igi kankan kò sí lórí adágún tí a lè so wáyà kejì mọ́, nítorí náà a gbẹ́ kòtò gígùn sínú yìnyín, a sin ìtì igi kan bí ẹni sin òkú, òun ni a so ó mọ́. Ṣùgbọ́n fífà nìkan kò lè gbé e. Ó ní láti rí nǹkan gùn. A gbé ìtì igi mìíràn dábùú iwájú bẹ́líìtì méjèèjì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sínú omi, kí ó fi ṣéènì so ìtì náà mọ́ bẹ́líìtì, kí ó lè bá a yí lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Kí a tó béèrè ẹni tó máa ṣe é, Joar ti bọ́ kóòtù, ó ti dojú bolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọ omi dé èjìká. Ó gbé e jáde, ó pọ́n bí ata. Ó tún ti ọwọ́ náà bọ omi. Hilma kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ ra ọwọ́ náà. Nígbà tí ṣéènì wọlé, Tauno pariwo, “Ará gúúsù! O ti di ẹja!”

“Ó kù kí ẹnìkan wà á,” obìnrin Finland wí. Gbogbo wa wo Algot.

Algot na ìka sí Joar. “Ìwọ ni o wà á wọlé. Ìwọ náà ni kí o wà á jáde.”

Inú mi bà jẹ́. Ọmọ yìí kò wà katapílà rí ju ìgbà méjì lọ nínú oko! Ìgbà yẹn ló yẹ kí ó sọ òtítọ́. Kò sọ ọ́. Ó gun ọkọ̀, ó jókòó, ó fi orí gbá òrùlé. Hilma lọ dúró síwájú gan-an, níbi tí Joar ti lè rí i. Kò sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: rọra. Joar fún un ní iná jù, ògì fọ́n ká, Tauno ṣépè. Hilma tún sọ ọwọ́ kalẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Joar tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, kò wo ohun mìíràn láyé yìí. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Wáyà le. Bẹ́líìtì mú ìtì igi, ó gbé e wọ abẹ́, iwájú ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ó ń dìde, ó ń dìde, omi ń ṣàn lára rẹ̀, títí ó fi gun orí yìnyín líle.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbogbo ẹgbẹ́ pariwo, ènìyàn ń dì mọ́ ènìyàn. A tú oúnjẹ wa jáde lórí adágún, a jẹ ẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí mo ṣà nílẹ̀ ọkọ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán tí a dé ahéré, Joar jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń gbọ̀n. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó bá wá. Hilma dá a dúró. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

“Bàbá, èmi ni mo wà á. Èmi ni mo gé ọ̀nà.”

“Mo mọ̀,” Algot wí. Ó ń tọ́ka sí awò ìríran ọ̀nà jíjìn tó so kọ́ lójú fèrèsé. “Mo rí i bí ẹ ṣe ń bọ̀. Mo rí ẹni tó wà nídìí ìdarí.” Ó kọjú sí Joar. “Kí o tó kí mi lónìí, o ti parọ́ fún mi. Mo fún ọ ní àyè kejì, o tún gbé irọ́ náà gun ọkọ̀ ìyàwó mi.”

“N kò fẹ́ kí ẹ bínú sí i, sà.”

“Ọmọ mi ni. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí i, kí n sì dárí jì í. Lónìí o parọ́ láti gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbé e lọ, kí ni wàá sọ fún mi?”

“Bùọ̀dá, ẹ wo ọwọ́ ọmọ náà,” mo wí.

“Mo ti wò ó. Ọwọ́ rere ni. Ẹnu rẹ̀ ni n kò tíì gbà gbọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìtọrọ wa ṣe parí. Hilma gan-an bínú sí Joar. “Ta ló ní kí o gbà mí?” ó bi í bí a ti ń padà. “Mo lẹ́nu. Ìwọ ni kò jẹ́ kí n lò ó.” Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọn kò fi rí ara wọn. Joar kò ra búrẹ́dì mọ́. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, láti ọ̀dọ̀ ìkan sí ìkejì, bàtà mi ń jẹ, ẹnu mi ń gbẹ. Hilma á bi mí bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti sàn. Joar á bi mí bóyá Hilma ń jẹun. Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èmi ni fóònù yín ni?”

Yìnyín yọ́, odò kún, ẹ̀fọn dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìparí oṣù keje, mo wà lọ́dọ̀ Algot, à ń tún àwọ̀n ìpẹja ṣe, nígbà tí Joar yọ. Òun nìkan ni. Kò rán mi, kò sọ fún mi.

“Bàbá Algot, nǹkan méjì ni mo bá wá,” ó wí, ó dúró gbọnrangandan. “Àkọ́kọ́, mo parọ́ fún yín lórí adágún, ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí àwáwí. Èkejì ni pé màmá mi ṣubú ní gúúsù, eegun ìbàdí wọn ṣẹ́. Mo ń lọ tọ́jú wọn. N kò mọ ìgbà tí màá dé. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọdún kan. N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò sì ní ṣèlérí ohun tí n kò mọ̀.”

Àwọ̀n dákẹ́ lọ́wọ́ Algot. Ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá ló dúró níwájú rẹ̀ yìí lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń sọ̀rọ̀.

“Ṣé ìyá rẹ ní ọmọ mìíràn?”

“Rárá, sà. Èmi nìkan ni wọ́n bí.”

“Ta ló ń dáná fún un báyìí?”

“Aládùúgbò.”

Algot pa àwọ̀n tì. Ó dìde, ó rìn lọ síbi igi ìdáná, mo sì rò pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la igi. Kò mú àáké. Ó dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti tutù fún omijé.

“Mú Hilma dání, bí òun bá gbà.”

Joar wo èmi, ó tún wo Algot.

“Ọkùnrin kan kò lè wẹ ìyá rẹ̀ kó dára,” Algot ń bá a lọ, ó ń fa ojú ro bíi ti tẹ́lẹ̀. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní lọ tọ́jú ìyá ẹnikẹ́ni láìjẹ́ aya ilé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìgbéyàwó. Kí sì ni o dúró ń wò? Ilé búrẹ́dì kò tíì ti ilẹ̀kùn.”

Ọmọkùnrin náà sáré. Nípa ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ níbẹ̀, Hilma kò sọ ọ́ fún mi, mo sì fún un ní àyè ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ náà, gbogbo búrẹ́dì tó wà nínú ààrò ló jó.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọ̀nà ọlọ́dà dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọ̀nà ọlọ́dà? Ẹgbẹ́ wa to katapílà lẹ́sẹẹsẹ, a gba inú àbàtà kọjá, ẹrẹ̀ ń fò. Hilma wọ aṣọ funfun, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà. Maj ti gúúsù wá, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń sunkún. Algot dìde níbi àsè. Ó bá ọmọ rẹ̀ jó, lórí orúnkún tí Joar tọ́jú, ó sì jó dáadáa.

Wọ́n lọ. Òkùnkùn dé, yìnyín bo ilẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Hilma ń pe bàbá rẹ̀, Algot á sì dáhùn ní gbólóhùn kan, á wá fi fóònù sí etí títí tí ọmọ náà á fi sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí oòrùn ń padà bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wálé, àti pé Gunvor, ìyá Joar, ti ń fi ọ̀pá rìn, ó sì fẹ́ wá wo ibi tí wọ́n ti jí ọmọ òun gbé.

Ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì máa ń dé. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, Algot ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ pẹ̀lú katapílà tó fọ̀ tó ń dán.

“Kí lẹ tètè wá ṣe, Bùọ̀dá?”

“Bọ́ọ̀sì lè yá,” ó wí.

Kò yá o, ó tilẹ̀ pẹ́. Nígbà tó dúró, Joar kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Gunvor sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń wo yìnyín tìyanutìyanu. Lẹ́yìn náà ni Hilma yọ. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ṣùgbọ́n bótìnnì kóòtù rẹ̀ kò pàdé mọ́ níwájú.

Algot bọ́ fìlà. Ó wo ikùn ọmọ rẹ̀, ó wo Joar, ó wo ìyá arúgbó náà. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu.

“Ẹ wọlé, ẹ wọlé,” ó wí. “Òtútù á mú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”